Ẹ̀rọ ìtẹ-owó-ìrántí tí mo ṣe n'Ìbàdàn: jáàkì, jórinjórin àti bàbá tọ́nà

Iṣẹ́ sùfẹ́níà ni mo ń ṣe, ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá báyìí, Bódìjà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ife, ike, aṣọ ìnura, agboòrùn, abẹ̀bẹ̀: kò sí èyí tí mi ò tíì kọ orúkọ olóyè, òkú àgbà tàbí ọmọ tuntun sí lára. Ohun tó ń dùn mí nínú iṣẹ́ náà ni pé kì í pẹ́. Bí mo bá yà kí oníbàárà mi lẹ́yìn ọdún kan, ike á ti fọ́, orúkọ á ti bó lára ife. Lọ́jọ́ kan, mo dé ilé obìnrin kan, mo bá aṣọ ìnura tí fọ́tò bàbá wọn wà lára rẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, wọ́n ti sọ ọ́ di ìnulẹ̀, omi ẹ̀fọ́ ló wà lójú bàbá. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Inú àpótí ìyá mi ni mo ti rí ohun tó ń pẹ́. Nígbà tí wọ́n papò dà, tí à ń pín ẹrù wọn, a rí òwú kan nísàlẹ̀ àpótí, oníní mọ́kànlélógún tí wọ́n sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn àgbà á rántí oníní, owó olójú láàárín tí mẹ́wàá rẹ̀ ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan láyé pọ́n-ùn àti ṣílè. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà wà lójú rẹ̀ kan. Ọdún 1907 ló wà lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, alumíníọ́mù ni wọ́n sì fi ṣe é nígbà náà, kó tó di pé wọ́n lọ lo bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì. Lára àwọn kan nínú ti ìyá mi, lẹ́tà H kékeré kan wà níbẹ̀, àmì ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham tó bá ìjọba òyìnbó tẹ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ tuntun ti gba àyè owó àtijọ́ lọ́wọ́ wa, síbẹ̀ mo fi èékánná tọ ìràwọ̀ náà, gbogbo igun rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ṣì wà níbẹ̀.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn oníbàárà mi máa pín: irin roboto bí owó, àwòrán lójú kan, orúkọ àti ọjọ́ lójú kejì. Kí n tètè sọ ọ́ o, kì í ṣe náírà là ń tẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni ayédèrú owó. Kò sí iye kankan lára tèmi, kò sí àmì orílẹ̀-èdè, ÌRÁNTÍ ni mo ń kọ sí i gàdàgbà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n bá òun tẹ ohun tó jọ owó ìjọba, mi ò ní gbà á.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, owó rẹ̀ ju agbára mi lọ. Mo ní kí wọ́n ṣe é fún mi níbí. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ń kiri lórí rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ẹni tó ṣe dáadáa àti ẹni tó já mi kulẹ̀, kí ẹlòmíì tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ má baà ná owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bíi tèmi.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe rí nìyí. Irin ṣánẹ́ẹ̀lì la fi ṣe férémù rẹ̀, ó dà bí fèrèsé tí kò ní gíláàsì. Jáàkì ogún tọ́ọ̀nù dúró nísàlẹ̀, irú èyí tí àwọn onílọ́rì fi ń gbé ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ táyà. Jáàkì yìí kì í ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò, afẹ́fẹ́ ni yóò máa fà dípò ọ́ìlì, ìyẹn ló fi jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ ló ń ti nǹkan lọ sókè. Irin pẹlẹbẹ kan wà lórí rẹ̀ tó ń bá a gòkè, sùpíríìngì méjì tí wọ́n yọ lára ìdúró ọ̀kadà ló sì ń fà á padà wálẹ̀ bí mo bá ti tú jáàkì. Láàárín irin pẹlẹbẹ yìí àti òkè férémù ni òǹtẹ̀ méjì wà, ìyẹn irin tí a fín àwòrán àti ọ̀rọ̀ sí lójú, ọ̀kan dojú kọ ìkejì. Irin roboto tí a kò tíì tẹ̀, òfìfo là ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù wa, òun ló ń wà láàárín àwọn méjèèjì, nínú òrùka irin kan tí kò jẹ́ kó fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí agbára bá dé bá a. Bí òrùka yẹn kò bá sí, òfìfo á kàn fẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹ̀kọ tó já sílẹ̀ ni, àwòrán kò ní yọ.

Jáàkì ni n ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí kò gba àlàyé púpọ̀. Tòkunbọ̀ ni mo rà, ₦65,000. Mi ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù títí wọ́n fi gbé e sábẹ́ ọkọ̀ ńlá kan tó wà níwájú wọn, mo sì dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mú fún mi ń rọra sọ̀ kalẹ̀, mo dá a padà. Ìkejì dúró gbọin-in. Láti ìgbà náà, kò tíì jo ẹ̀kán ọ́ìlì kan. Máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Ohun tó gba méjì lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kò ní aago tó ń fi ìwọ̀n agbára hàn, kíkà ni mo ń ka iye ìgbà tí mo bá fún un, ìyẹn iye ìgbà tí mo bá tẹ ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, láti ìgbà tí ọwọ́ náà bá ti ń le.

Jórinjórin wá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ àdúgbò rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, iná rẹ̀ sì wọra dáadáa, mi ò lè pa irọ́ mọ́ ọn: ojú jíjó rẹ̀ kan kò tíì là títí di òní. Ṣùgbọ́n kì í wọn nǹkan. Igun kan ló kọ́kọ́ jó parí pátápátá kó tó lọ sí ìkejì. Bẹ́ẹ̀, irin tí iná bá mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó bá ń tutù, ẹ̀gbẹ́ yẹn náà ló máa ń fà sí. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó kọ́kọ́ fi iná kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní tọ́tọ̀tọ́, kó fi téèpù wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, kó tó wá máa jó o díẹ̀díẹ̀, kó jó ọ̀tún, kó jó òsì. Mo fi téèpù aránṣọ wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀. Láti igun òkè òsì dé ìsàlẹ̀ ọ̀tún, sẹ̀ǹtímítà 71.2. Láti igun kejì, 71.8. Mo ní, "Ẹ wò ó, kò dọ́gba." Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ogún tọ́ọ̀nù ni jáàkì yẹn, gbogbo ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ ló máa tẹ̀."

Mo gbà á gbọ́, torí mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbọ̀ngàn Mápó ni mo kọ́kọ́ fi ṣe àwòrán, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, torí kò sí ọmọ Ìbàdàn tó máa rí àwọn òpó yẹn tí kò ní mọ ibi tó wà. A tẹ àkọ́kọ́. Àwọn òpó apá òsì yọ dáadáa, ẹ lè kà wọ́n. Àwọn ti apá ọ̀tún dà bí ìgbà tí ọyẹ́ bò wọ́n lówùúrọ̀. Mo yí òfìfo padà, mo tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan náà ló tún ṣú. Mo fi agbára kún un. Irin náà wulẹ̀ tinrín lápá kan ni.

Ti òǹtẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Ẹnì kan tí jórinjórin yìí júwe fún mi ló ṣe é. Ó mú irin gbígbóná, ó rì í bọ omi tútù, ó sì gbé e fún mi pé ó ti le. Ó le lóòótọ́, ó le ju bó ṣe yẹ lọ, torí irin tí wọ́n bá mú le tí wọn kò padà fi iná díẹ̀ rọ̀ ọ́ lójú, bíi gíláàsì ló rí. Ní títẹ̀ ìkẹta, ó dún bí ìbọn. Ẹ̀là irin kan bá ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì wọnú rẹ̀. Mo lọ dúró níwájú ibẹ̀, déédéé àyà mi ni. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ láti lọ mú omi mu ni. Ẹ̀yin tó fẹ́ ṣe irú ẹ̀rọ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi irin nínípọn bo iwájú rẹ̀, kí ẹ sì wọ awò ojú. Èmi kò fún jáàkì láìsí méjèèjì mọ́.

Odidi oṣù kan ni mo fi pa ẹ̀rọ náà tì. Oníbàárà mi kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate ló wá mú mi lọ bá bàbá kan tó ní ẹ̀rọ léèdì, ẹ̀rọ tó ń yí irin bí wọ́n ṣe ń gé e roboto, àwọn èèyàn ibẹ̀ ń pè é ní bàbá tọ́nà. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo kó gbogbo owó tó bàjẹ́ fún un nínú ọ̀rá. Kò sọ̀rọ̀. Ó mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di etí rẹ̀ mú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yí ìlẹ̀kẹ̀, ó ń fi ìka gbọ́ bó ṣe nípọn sí. Ó yí i tán, ó gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó wojú mi.

"Ta ló wọn férémù yìí?"

"Bàbá, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, sà. Ṣé kí n ní kí wọ́n gé e, kí wọ́n tún un jó ni?"

"Rárá o, ìwọ ọmọ yìí. Jẹ́ kí férémù máa wọ́ níbi tó ti ń wọ́. Òǹtẹ̀ ni kò gbọdọ̀ wọ́."

Ohun tó ṣe nìyí, òun sì ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí. Ó gé irin roboto nínípọn kan, ó lu inú rẹ̀ jáde bí àpò, ó wá gé òǹtẹ̀ méjèèjì kí wọ́n lè wọnú àpò yẹn, ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ti wà nínú àpò kan náà, kò sí bí jáàkì ṣe lè tì wọ́n tí wọn kò ní kora wọn lójú ní déédéé. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbà á, ó fi òróró díẹ̀ pa òǹtẹ̀ òkè lára, ó gbé e lé ẹnu àpò, ó mú ọwọ́ kúrò. Mo rò pé yóò já wọlé gbì. Kò já. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ ń rá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ ọ bí ìgbà tí ọmọdé bá ń mí lójú oorun. Nígbà tó délẹ̀, kò dún rárá. Mo ní kó tún un ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un ṣe.

Irin tí Bàbá fi ṣe òǹtẹ̀, half shaft ọkọ̀ ni, irin gbọọrọ tó ń yí táyà ẹ̀yìn. Ó sin ín sínú èédú pípọ́n, ó fi eérú bò ó mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì kó lè rọ̀, kó tó gé e. Lẹ́yìn tí a fín àwòrán sí i tán, ó tún fi í sínú iná, ó ń fi òòfà kan án lára lóòrèkóòrè. Ìgbà tí òòfà kò lè mú un mọ́ ló rì í bọ inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù, kì í ṣe omi. Ó fi yanrìn pa á títí ó fi dán, ó wá fi iná jẹ́ẹ́jẹ́ yá a títí ojú rẹ̀ fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí koríko ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì fi sílẹ̀ kó tutù. Òǹtẹ̀ yẹn ti tẹ owó tó lé ní 400 báyìí, kò là, kò ṣá.

Ọmọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà darí ẹ̀rọ ìfínrin ló bá mi fín àwòrán àti ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kọ sódìkejì ló sì kọ sódìkejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó bá ní ọ̀rọ̀ Yorùbá láti fín, ẹ dúró tì wọ́n. Opó kan ní kí n tẹ "ỌKỌ WA Ọ̀WỌ́N" fún òun àti ìyàálé òun. Nígbà tí mo gba òǹtẹ̀, ohun tí wọ́n kọ ni "OKO WA OWON". Oko! Ọkọ tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́. Ó ní àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà kò ní hàn nínú irin, òun ló jẹ́ kí òun yọ ọ́ kúrò. Mo ní kó dá a padà, mo ní yóò hàn. Ó fi ìlurin tó tinrín jù lọ́wọ́ rẹ̀ lu ihò kọ̀ọ̀kan sábẹ́ Ọ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi àmì ohùn sórí èyí tó yẹ.

Àmì abẹ́ Ọ yìí ló wá di ohun tí mo fi ń dán ẹ̀rọ mi wò. Ihò rẹ̀ ló kéré jù lójú òǹtẹ̀, ibẹ̀ ni irin máa ń ṣàn dé kẹ́yìn. Bí agbára kò bá tó, tàbí tí òfìfo kò bá rọ̀ dáadáa, lẹ́tà á yọ, àwòrán á yọ, àmì abẹ́ rẹ̀ nìkan ni kò ní yọ. Mo máa ń gbé owó kọ̀ọ̀kan síbi tí oòrùn ti ń wọlé, n ó fi èékánná wá àmì yẹn. Bó bá kan èékánná mi, ó ti jẹ́ owó. Bí kò bá kàn án, ó di ìdáná.

Ìdáná náà nìyí, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Irin tí wọ́n bá tẹ̀ máa ń le sí i ni, bẹ́ ẹ bá tún un tẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní gbà mọ́. Ẹ ní láti fi iná rọ̀ ọ́. Alumíníọ́mù kì í pọ́n kó tó yọ́, ojú kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí náà ọṣẹ ifọṣọ ni mo fi ń pa á lára. Mo gbé e sórí iná gáàsì, bí ọṣẹ bá ti dúdú, ó tó, mo gbé e kúrò. Ti bàbà yàtọ̀: ẹ jẹ́ kó pọ́n díẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn, kí ẹ sọ ọ́ sínú omi. Omi kì í mú bàbà le bó ṣe ń mú irin le. Èèpo dúdú tó máa bò ó, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ló ń kó o kúrò, àwọ̀ tó máa jáde nísàlẹ̀ yẹn pupa dé ibi pé inú mi máa ń dùn nígbàkigbà tí mo bá rí i.

Ìwọ̀n ṣe pàtàkì ju bí mo ṣe rò lọ. Owó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 30 fẹ̀ ju ti 20 lọ ní ìlọ́po méjì àti ìdá mẹ́rin kan, bẹ́ẹ̀ agbára jáàkì kan náà ló máa pín káàkiri ojú rẹ̀. Lórí owó mìlímítà 20, gbogbo ibi tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan níbùú, kan lóròó, ló ń gba agbára tó lé ní kìlógíráàmù 6,000. Lórí ti 30, nǹkan bíi 2,800 péré ni. Nítorí náà, alumíníọ́mù ni mo ń fi ṣe ńlá, bàbà ni mo ń fi ṣe kékeré. Idẹ, mo gbìyànjú, mo fi í sílẹ̀: àmì abẹ́ Ọ kò yọ rí, bó ti wù kí n fi iná rọ̀ ọ́ tó. Àwọn baba wa tó ṣe orí idẹ Ifẹ̀, ìda ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n da idẹ yíyọ́ rọ́pò rẹ̀, wọn kò tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ idẹ, kó wá jáàkì àádọ́ta tọ́ọ̀nù, kó sì wá férémù tó lè gbà á.

Ní ti owó, ₦65,000 ni jáàkì, irin férémù àti owó jórinjórin jẹ́ ₦90,000, Bàbá gba ₦120,000 lórí àpò, òǹtẹ̀, òrùka àti ohun tí a fi ń gé òfìfo, ìfínrin gba ₦40,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦315,000, mi ò ka òǹtẹ̀ tó fọ́ mọ́ ọn. Nǹkan bí owó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n là ń tẹ̀ ní wákàtí kan, apá sì máa ń ro èèyàn.

Máàkì mẹ́rin ni mo fún jórinjórin, nítorí ojú jíjó rẹ̀ tó dáa. Bàbá tọ́nà, mẹ́sàn-án. Bàbá kì í yára. Ọ̀sẹ̀ méjì ló dá fún mi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi ṣe é. Bí wọ́n bá mú iná lọ, kò ní tan jẹnẹrétọ̀ fún iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, fóònù rẹ̀ sì máa ń kú fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ẹ ní láti lọ jókòó tì í. Ọjọ́ Jímọ̀, bí ẹ bá dé lẹ́yìn aago méjìlá, ẹ ti pẹ́ nìyẹn. Kò sì ní fọwọ́ kan iṣẹ́ tí ẹ kò bá ya ìwọ̀n rẹ̀ sórí ìwé wá, bó ti wù kó kéré mọ. Mo kọ́kọ́ bínú sí èyí. Ní báyìí, ìwé yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ti gbé iṣẹ́ wá, kí n tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láyípo, ilé ìṣọ́ Òkè Àrẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1936, la ń fín lọ́wọ́lọ́wọ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé kan tó fẹ́ ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ wọn. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń tẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹ̀rọ náà kó tó ná owó tirẹ̀, kó yà. Mo máa fún un ní òfìfo alumíníọ́mù kan àti awò ojú, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún jáàkì náà.